Orin ìwòyí kọ́ ló ń pa àṣà Yorùbá

Ẹ dé ibi ìnáwó kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Tákìè ni o, ní Ọjà Igbó ni o, bí díìjéè bá ti fi orin ọ̀dọ́ sí i, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan: "Orin àwọn ọmọ yìí ló ba àṣà wa jẹ́." Àwọn tó jókòó tì í á mi orí, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ níbi wàásù, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ṣe wá ní jàǹbá, torí pé ó jẹ́ ká máa sáré lé ẹni tí kò jalè, tí olè gan-an sì jókòó sínú ilé.

Wọ́n ní orin àtijọ́ jẹ́ ojúlówó tiwa, kò ní àdàlù kankan. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Jùjú tí à ń pè ní orin àgbà lónìí, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1930, nígbà ayé Túndé King. Ohun èlò olókùn tí ọkọ̀ òkun gbé wá ni wọ́n ń ta sí i. Gángan ò sí nínú ẹ̀ rárá nígbà náà. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló tó wọlé, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde ti dé, gìtá àti ohùn akọrin lè dún sókè tó ìlù, ìlù ò lè bò wọ́n mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀rọ òyìnbó ló ṣílẹ̀kùn fún gángan. Lẹ́yìn ìyẹn ni I.K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù sí i, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè MBE ní 1963. Gòjé tó ń ké nínú sákárà Yusuf Ọlátúnjí, ilẹ̀ Haúsá ló ti wá. Fújì ńkọ́? Inú wéré, orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé orúkọ òkè kan ní Japan tóun rí nínú àwòrán ní pápákọ̀ òfurufú lòun fi sọ ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ohun tó sọ wọ́n di ti Yorùbá ni ohun tí Yorùbá fi wọ́n ṣe.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èébú tí à ń bú àwọn akọrin ìwòyí bí Asake àti Olamide lónìí náà ni wọ́n jẹ. Iṣẹ́ alágbe ni àwọn òbí ń pe iṣẹ́ orin. King Sunny Adé, ọmọ ilé ọba Oǹdó, dọ́gbọ́n kúrò nílé bí ẹni tó ń lọ sí Yunifásítì Èkó ni, kó tó lè rí orin kọ. Fújì ní tiẹ̀, orin àwọn ọmọ ìta ni àwọn alákọ̀wé kà á sí. Lónìí, kò sí ayẹyẹ tó tóbi tó tí wọn ò ní fẹ́ fújì níbẹ̀.

Ní ti ìlú wa yìí gan-an, Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu kọ yangan, ìtàn orin tó lè là wá lójú wà níbí. Ọdún 1855 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òyìnbó oníwàásù ò fẹ́ rí ìlù wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìlù òrìṣà ni. Orin ilẹ̀ wọn ni wọ́n túmọ̀, ohùn òyìnbó náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ẹni tí Yorùbá yé mọ ohun tíyẹn ń ṣe fún èdè: ibi tó yẹ kí ohùn ti wálẹ̀, orin á gbé e gòkè, ọ̀rọ̀ á yí padà lẹ́nu akọrin, ẹni tí kò ní ìwé orin lọ́wọ́ ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Orin tí wọ́n fi kóòtù àti táì kọ, tí ẹnikẹ́ni ò pè ní ìbàjẹ́, òun ló lọ́ èdè wa lọ́rùn. Ó sì tún bọ̀ sípò: dùndún wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, wọ́n ń fi yin Olúwa.

Ẹ tún wo Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ti ọdẹ ni ìjálá, ibi ọdún Ògún àti àárín àwọn ọdẹ ni àyè rẹ̀. Fọ́yánmu gbé e sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tí kò gbé ìbọn rí ń gbọ́ ọ nínú pálọ̀. Ìyẹn ò pa ìjálá. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀sùn kejì ni ìsọkúsọ. Mi ò ní purọ́, orin kan wà tí mi ò lè gbọ́ níwájú ìyá mi, àwọn tó sì ń yin oníjìbìtì nínú orin ń ṣe ohun tí kò dára, mo kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé àwọn baba wa ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, kí ẹ gbọ́ ohun tí tọmọdé tàgbà ń fi ojú ara kọ lórin ní gbangba, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Orin ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà kì í fi nǹkan bò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ní ọjọ́, ó ní ààyè. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn ni ẹ ń sọ, pé fóònù ti mú ààyè kúrò, mo gbà. Ọ̀rọ̀ fóònù ni ìyẹn.

Níbi ìyàwó kan tí mo lọ, àyàn kan gbé gángan há abíyá, àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, kún ojú agbo. Díìjéè fi orin Asake sí i. Àyàn yìí tẹ́tí díẹ̀, ó fún ọṣán mọ́ ìhà, ó sì fi kọ̀ǹgọ́ gba gbólóhùn orin náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ọmọkùnrin kan tó fi nǹkan pa irun láró dúró, ó kọjú sí i. Kò tíì pẹ́ tí àyàn fi já a sínú oríkì ìlú. Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ kó tó ná owó mọ́ ọn. Gángan rí ibi gba wọlé torí pé orin yẹn, Yorùbá ni, ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì gbé fújì sínú. Asake kọ́ iṣẹ́ tíátà ní Ifẹ̀, ó sì ti fi Yorùbá kọrin fún èrò tó kún O2 Arena ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2023. Ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tí kò lè kí ìyá àgbà rẹ̀ dáadáa, mọ orin yẹn látòkè délẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí èdè ti ń bọ́? Ilé ni. Tọkọtaya tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ méjèèjì, òyìnbó ni wọ́n ń bá ọmọ sọ látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ yẹn á dé iléèwé, bó bá fi Yorùbá la ẹnu, wọ́n á ní "fanákúlà", ìyẹn èdè abínibí, ló ń sọ, wọ́n á gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n nà án. Bẹ́ẹ̀, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. A mọ̀, a ò ṣe é. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ tí wọ́n gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ nílé àti níléèwé, ibi tó kù tó ti ń gbọ́ ọ ni orin tí ẹ ń bú.

Àwọn kan á ní, "Kí ló dé tí wọn ò gbọ́ Fọ́yánmu?" Nítorí pé inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ni Fọ́yánmu wà. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo rẹ̀ nílé, ẹ gbé e fún àwọn ọmọ tó ń gbé orin sórí fóònù, kí wọ́n bá yín yí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí yín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i kó má bàa sọnù.