NIN Kì í Ṣe Àmì Ẹranko: Ẹ Padà Lọ Ka Ìfihàn Orí 13

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì SS3 tí mo ń kọ́ wá bá mi pé òun ò ní lè ṣe JAMB lọ́dún yìí. Mo ní kí ló dé. Ó ní bàbá òun ò jẹ́ kí òun gba NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún ọmọ Nàìjíríà. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti ní ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà yìí ò lè forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn lójú tirẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Mo wá lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Àmọ́ bí mo ṣe dá ọ̀rọ̀ NIN sílẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ dákun, ẹ má ti ọmọ mi sínú iná. Àmì ẹranko ni nǹkan yẹn. Ó wà nínú Ìfihàn orí 13.”

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n sọ ọ́ nígbà tí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé ní 2014. Wọ́n sọ ọ́ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gba Jésù gbọ́, mo sì ń retí ìpadàbọ̀ rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé kèfèrí ló ń sọ̀rọ̀. Nítorí pé mo fẹ́ràn ìwé náà ni inú fi ń bí mi bí wọ́n bá fi í dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ lórí ohun tí kò sọ.

Orí 13 yẹn, ṣé wọ́n máa ń kà á látòkè délẹ̀ ni? Ẹsẹ 16 àti 17 nìkan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: àmì lọ́wọ́ ọ̀tún tàbí níwájú orí, kí ẹnikẹ́ni tí kò bá ní in má lè rà, kó má lè tà. Ẹsẹ 15 tó ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo ẹni tí kò bá foríbalẹ̀ fún àwòrán ẹranko náà ni kí wọ́n pa. Orí 14 ẹsẹ 9 ní ẹni tó bá foríbalẹ̀ fún ẹranko náà àti àwòrán rẹ̀, tó sì gba àmì. Ẹ lọ wo orí 16 ẹsẹ 2. Ẹ lọ wo orí 19 ẹsẹ 20 àti orí 20 ẹsẹ 4. Níbi tí Jòhánù, ẹni tó kọ ìwé náà, bá ti dárúkọ àmì yìí, ẹ máa bá ìforíbalẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí èèyàn ń sìn ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣèèṣì gbà á, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára nígbà tó lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀.

Èmi náà forúkọ sílẹ̀. Mo dúró lórí ìlà láti òwúrọ̀ kùtù títí oòrùn fi ń wọ̀, wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n ní kí n tẹ ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì fún mi ní bébà kan tí nọ́ńbà 11 wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n sẹ́ Kírísítì. Ẹni tó ń sọ pé ìka àti ojú tí wọ́n ń gbà ni “ọwọ́ àti iwájú orí” tí Bíbélì wí, kó tún un kà: àmì tí Jòhánù rí, ńṣe ni wọ́n ń fi í sí èèyàn lára. Àwòrán ìka tí Ọlọ́run dá mọ́ mi ni àwọn wọ̀nyí gbà, bí mo ṣe wọlé náà ni mo ṣe jáde.

Nínú ìwé kan náà, ẹsẹ tó tẹ̀ lé orí 13 gan-an, ìyẹn orí 14 ẹsẹ 1, sọ̀rọ̀ ẹgbàá méjìléláàádọ́rin (144,000) èèyàn tí a kọ orúkọ Baba síwájú orí wọn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé Ọlọ́run máa fi ẹ̀rọ kékeré sínú orí àwọn wọ̀nyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ti ẹni tí wọ́n jẹ́ ló ń sọ. Ó ṣe jẹ́ pé ti apá kan ni à ń fi òye kà, tí ti apá kejì wá di káàdì àti abẹ́rẹ́? Diutarónómì 6 ẹsẹ 8 ti sọ fún Ísírẹ́lì tipẹ́ pé kí wọ́n so òfin Ọlọ́run mọ́ ọwọ́ àti sí agbedeméjì ojú wọn. Ó jọ pé ibẹ̀ ni Jòhánù ti mú èdè náà.

Wàyí o, nọ́ńbà náà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn oníwàásù ti ń fi wá ṣeré. Ẹsẹ 18 ní kí ẹni tó bá ní òye ka iye ẹranko náà, “nítorí pé iye ènìyàn ni”, iye náà sì jẹ́ 666. Àwọn wo ni wọ́n ní kí wọ́n kà á? Ìjọ méje ni wọ́n kọ ìwé náà sí, wọ́n dárúkọ wọn ní orí 1: Éfésù, Símínà, Págámù àti àwọn yòókù, tí ilẹ̀ wọn wà ní Tọ́kì lónìí. Àwọn èèyàn gidi ni, wọ́n ń ra ẹran, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń bẹ̀rù ọlọ́pàá Róòmù. Bí Jòhánù bá ní kí wọ́n ṣírò, a jẹ́ pé ìṣirò náà ṣeé ṣe fún wọn. Kí ni ará Símínà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ Nàìjíríà ṣe?

Láyé ìgbà náà, àwọn Gíríìkì àti àwọn Hébérù ò ní nọ́ńbà lọ́tọ̀. Lẹ́tà náà ni nọ́ńbà wọn. Lẹ́tà kìíní jẹ́ 1, èkejì jẹ́ 2, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé 10, lẹ́yìn náà 20, 30, títí dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìdí nìyẹn tí orúkọ kọ̀ọ̀kan fi ní iye tirẹ̀. Kódà àwọn ọ̀dọ́ ń fi í ṣeré ìfẹ́: ní Pompeii ní Ítálì, ìlú tí eérú òkè oníná bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, wọ́n rí ibi tí ẹnìkan ti kọ ọ́ sára ògiri pé òun fẹ́ràn ọmọbìnrin tí iye orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 545. Ẹni tó bá mọ ọmọbìnrin náà á mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bó ṣírò di ọ̀la, òfo ló máa já sí.

Ẹ wá gbé Nero wò, Késárì tó kó àwọn Kristẹni ní Róòmù, tó ń pa wọ́n nípakúpa lẹ́yìn iná ńlá ọdún 64. Bí wọ́n bá kọ orúkọ àti oyè rẹ̀, Neron Kesar, ní lẹ́tà Hébérù, orúkọ àkọ́kọ́ (n, r, w, n) jẹ́ 50, 200, 6 àti 50. Èkejì (k, s, r) jẹ́ 100, 60 àti 200. Ẹ mú bírò, ẹ ṣe ìròpọ̀ rẹ̀. 666 ni.

Bàbá ọmọ yẹn ní òun náà lè ṣe irú rẹ̀ fún orúkọ ẹnikẹ́ni. Bóyá. Àmọ́ ohun tó mú mi gbà á nìyí. Àwọn ẹ̀dà ìwé Ìfihàn àtijọ́ mélòó kan wà tí kì í ṣe 666 ló wà nínú wọn bí kò ṣe 616. Ọ̀kan nínú wọn, àjákù ìwé òrépèté tí wọ́n hú jáde ní Oxyrhynchus ní Íjíbítì, wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ tí a ní nínú orí yẹn. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 180, ti mọ̀ pé 616 ń bẹ nínú àwọn ìwé kan, ó sì bá a wí. Báwo ni 666 ṣe ń di 616? Èdè Gíríìkì ń pè é ní Neron, Látìn ń pè é ní Nero. Bí o bá yọ lẹ́tà “n” ìkẹyìn yẹn kúrò nínú ti Hébérù, 50 ló máa dín. 666 dín 50 jẹ́ 616. Orúkọ kan ṣoṣo, pípè méjì, nọ́ńbà méjèèjì jáde. Ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Kristẹni nìkan ló ń ka iye Nero pàápàá. Suetonius, ará Róòmù tó kọ ìtàn àwọn Késárì, ní àwọn aráàlú kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kan kiri ní èdè Gíríìkì pé iye orúkọ Nero jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú iye gbólóhùn “ó pa ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀”. 1005 ni méjèèjì. Ó sì pa ìyá rẹ̀ lóòótọ́. Irú ìṣirò báyìí ò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Mo gbà pé Irenaeus fúnra rẹ̀ ò dárúkọ Nero, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ò sì gba ti Nero yìí. Àmọ́ Irenaeus náà kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn yé méfò orúkọ, ìkìlọ̀ tí àwọn tiwa kò gbọ́.

Nítorí wọn ò yé méfò. Nígbà Àtúnṣe Ìjọ, tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ya kúrò lára Kátólíìkì, póòpù ni. Lẹ́yìn náà, Napoleon ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Hitler ni. Wọ́n ka lẹ́tà orúkọ Ronald Wilson Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ́n ní mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà ni. Lóṣù kẹfà ọdún 1974, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka àwọn ìlà dúdú tó wà lára ọjà ní ilé ìtajà kan ní ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n rà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní 666 fara pamọ́ sínú ìlà náà. Lónìí ó wà lára ìndómì, ó wà lára mílíìkì, ó wà lẹ́yìn Bíbélì tí wọ́n ń gbé lọ sí ìjọ. Ẹni tó wàásù lòdì sí i nígbà náà kò padà wá tọrọ àforíjì.

Ohun tó ń dun èmi jù rèé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Láti Òkè-Ògùn ni ọjà rẹ̀ ti ń wá, orí fóònù ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Olùṣọ́-àgùntàn ilé àdúrà tó ń lọ ní kí wọ́n má ṣe so NIN mọ́ síìmù wọn, ó ní ẹni tó bá ṣe é ti ta ọkàn rẹ̀. Màmá gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ìlà gbogbo ẹni tí kò so ó: wọ́n lè pè ọ́, o ò lè pe ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ rẹ̀ bọ̀ kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Awakọ̀ pè é, owó fóònù rẹ̀ tán láàárín ọ̀rọ̀. Màmá ò lè pè é padà. Kí ó tó rí ẹni tó yá a ní fóònù, ilẹ̀ ti ṣú, òjò ti rọ̀. Mo bá a da èlùbọ́ náà nù. Funfun rẹ̀ ti di bí eérú, ó ń rùn, Màmá jókòó sórí àpótí, kò sọ ohunkóhun. Ìlà olùṣọ́-àgùntàn náà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Èmi ni mo fi fóònù mi pè é láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì pè mí padà lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo kà fún bàbá ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Lúùkù orí 2. Késárì Ọ̀gọ́sítọ́sì pàṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ayé sílẹ̀. Jósẹ́fù mú Màríà tó lóyún, wọ́n rìn láti Násárẹ́tì lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, nítorí ìforúkọsílẹ̀ ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Olúwa wa. Ìjọba Róòmù kan náà tí Jòhánù pè ní ẹranko lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ wọn, Ọlọ́run ò sì rán áńgẹ́lì sí Jósẹ́fù pé kó má lọ. Áńgẹ́lì tí yóò kìlọ̀ fún un kò wọ́n: òun ló ní kó sá lọ sí Íjíbítì nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń wá ọmọ náà láti pa.

Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó gba Bíbélì náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun máa gbàdúrà sí i. Mo ní kò burú, àmọ́ JAMB máa ti ìforúkọsílẹ̀, kò sì ní dúró dè wá. Mo sọ fún un pé n óò padà wá lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti gbà, èmi fúnra mi ni n óò mú ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe NIN, n óò sì bá a dúró lórí ìlà.