Bí o bá rí i, kí ẹni tó fi í pamọ́

Inú bí mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó sì ku díẹ̀ nínú rẹ̀ tí kò tíì tán. Fóònù mi ló dún. Ẹnìkan ti rí ìpamọ́ wa, èyí tí èmi àti ọmọ mi obìnrin fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣe. Mo pe Àdùnní pé kó sáré wá ka ohun tí ẹni náà kọ. Lẹ́tà mẹ́rin la bá níbẹ̀: TFTC. Ó tán. Ìkékúrú ni, wọ́n fi ń sọ pé a dúpẹ́ fún ìpamọ́. Àdùnní wo fóònù, ó wojú mi, ó ní, "Dádì, ṣé ó fẹ́ràn ẹ̀ ni àbí kò fẹ́ràn ẹ̀?" N kò mọ ohun tí màá sọ. Mo lọ wo ojú ewé ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ó ti fi lẹ́tà mẹ́rin yìí sílẹ̀ síbi 37.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín pé ìpamọ́ wo, geocaching lorúkọ eré náà. Ẹnìkan á wá ike tàbí agolo, á ki ìwé pélébé sínú rẹ̀, á lọ fi í pamọ́ síta gbangba, bóyá sábẹ́ afárá, sínú ihò igi tàbí sẹ́yìn òpó iná, á wá gbé nọ́ńbà GPS ibẹ̀, èyí tó ń júwe ojú ibẹ̀ fún fóònù, sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ náà á gbé fóònù rẹ, ó di ọ̀nà. Fóònù á mú ọ dé ìtòsí, ó wá ku ojú àti ọwọ́ rẹ. Tó o bá rí i, wàá kọ orúkọ àti déètì sínú ìwé náà, wàá dá a padà gẹ́lẹ́ síbi tó o ti bá a, tó o bá délé, wàá sọ bó ṣe lọ fún ẹni tó ni ín lórí ìkànnì. Kò sówó níbẹ̀, kò sí ife ẹ̀yẹ. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ aláìníṣẹ́ ni. Èmi tí mo ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ to páálí nílé ìkẹ́rùsí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ ohun tí ìrìn wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú ń ṣe fún mi. Ọpẹ́lọpẹ́ eré yìí ni mo fi mọ̀ pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́bàá odò àtọwọ́dá tó ti Leeds lọ sí Liverpool. Odidi ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì gba orí rẹ̀ kọjá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ dùn ún gbọ́. Kó tó di ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń dìídì da àmì GPS tí ará ìlú ń lò rú, nítorí ọ̀rọ̀ ogun. Ẹ̀rọ rẹ lè ní ibí lo wà, kó jẹ́ pé nǹkan bí 100 mítà sí ibẹ̀ lo wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta oṣù náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú kan lọ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, kó lè fi dán ẹ̀rọ wò. Ó kó ìwé, fídíò, kànnàkànnà àti agolo ẹ̀wà kan sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìkọ̀rọ̀sí. Ó ní kẹ́ni tó bá débẹ̀ mú nǹkan, kó fi nǹkan sílẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mike Teague ló kọ́kọ́ rí i, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Matt Stum ti dábàá orúkọ geocaching. Lónìí, ìpamọ́ ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta káàkiri ayé.

Ẹ̀wà yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọn kò gba oúnjẹ kankan láàyè nínú ìpamọ́ mọ́, torí ẹranko á gbóòórùn rẹ̀, á fi eyín já ike. Wọn ò tún gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ Ulmer bo bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ìdajì. Òfin ti yí, àmọ́ ìwé tí èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kò sì kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ tèmi wà.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi n'Íbàdàn, o ò gbọdọ̀ kọjá lára ẹni tó ń gbálẹ̀ láì sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó lásán, ẹ kú ìjókòó. Ọlọ́jà, ajé á wọgbá. Ìyá ìyá mi kì í kọjá lára aláró kó má kí i pé àrẹ̀dú o, kódà bí ẹrù bá wà lórí wọn. Ìkíni yẹn kì í bá aláró pọn omi, àmọ́ aláró mọ̀ pé ẹnìkan rí ohun tí òun ń ṣe. Ẹni tó jáde sínú otútù lọ fi nǹkan pamọ́ kí èmi lè rí nǹkan wá, tó ń padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi ti wọ̀ ọ́, òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbólóhùn méjì tó o. Sọ fún un pé òjò pa ọ́. Sọ pé orí ẹ̀ gan-an lo jókòó lé tó o ń wá a kiri. Owó oṣù tí ń wọlé fún olóhun nìyẹn, kò tún sí òmíràn.

Tiwa yẹn, igi gbígbẹ kan ni, kò ju apá ọmọdé lọ. Mo fi dríìlì lu ihò sí ìdí rẹ̀, ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìka ọwọ́ wọ inú ihò náà ṣinṣin. Àdùnní kun ìdérí rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ igi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kùn ún torí ó ní kò jọ ọ́. Ó tún fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé gbígbẹ mọ́ ọn. Nígbà tí mo gbé e sáàárín àwọn igi tó ti já bọ́, mo yíjú kí n so okùn bàtà mi, mo wo ibẹ̀ padà, n kò rí i mọ́. Inú ọmọ yìí dùn débi pé ó ń jó nínú igbó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní iye táwọn rí ni adùn tiwọn. Mi ò bá wọn jà. Òfin ní kí ìpamọ́ kan jìnnà sí èkejì tó 161 mítà, ó kéré tán, àwọn kan sì máa ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀ sójú ọ̀nà kan náà bí òpó iná, kí ẹni tó bá fẹ́ kó ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan lè kó o. Ní irú ibẹ̀, TFTC tó. Ẹni tó tò wọ́n mọ̀ pé wọ́n á kó wọn bí ẹni ń ṣa àgbàdo ni. Igbó tiwa kò sí lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jù, èmi náà ti ṣe tèmi. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìpamọ́ kan wà lábẹ́ afárá kan lẹ́bàá odò yẹn. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ti ọwọ́ bọ gbogbo ihò tó wà lára afárá náà, aláǹtakùn nìkan ni mo bá pàdé. Àyè wà lórí ìkànnì fún kéèyàn sọ pé òun kò rí i, DNF ni wọ́n ń pè é. N kò kọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí. Ta ló fẹ́ kí ayé gbọ́ pé òun wá agolo tì lẹ́ẹ̀mẹrin? Lẹ́yìn oṣù méjì ni mo ka ohun tí ìyá kan kọ: wọ́n wa ọkọ̀ wá láti Hull, òun àtọmọ méjì, wọ́n fi wákàtí kan ààbọ̀ wá a nínú òjò, wọ́n pòfo. Olóhun lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ìpamọ́ ti lọ, ó ti pẹ́ tó ti lọ. Ká ní mo ti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, olóhun ì bá ti mọ̀, àwọn ọmọ yẹn ì bá sì wà nílé wọn. Báyìí, bí n kò bá rí i, mo máa ń kọ ọ́ kí n tó dénú ọkọ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà kò tó ti àwọn tó ń kó ike sápò rìn. Bí wọn kò bá rí ojúlówó, wọ́n á ju tiwọn sílẹ̀, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Ìpamọ́ á wá di méjì lójú kan. Jìbìtì ni mo ń pè é, kẹ́ni tó bá fẹ́ bínú bínú.

Àwọn tí kò mọ eré náà, muggle làwọn Òyìnbó ń pè wọ́n. Àwa ti ní ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ: ọ̀gbẹ̀rì. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé bí ọ̀gbẹ̀rì bá ń bọ̀, kó o máa ṣe bí ẹni ń tẹ fóònù títí á fi kọjá, kó má baà tú àṣírí ibẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn rọrùn fún ẹni tó jọ àwọn ará àdúgbò. Èmi ọkùnrin dúdú tí mo ga tó ẹsẹ̀ mẹ́fà, tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn géètì olóko, tí mo wá ń ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Bàbá arúgbó kan ló bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó ní kí ni mò ń wá. Irọ́ tó wá sí mi lẹ́nu ni pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi ló sọnù. Hà! Bàbá so ajá mọ́ géètì, ó ká apá aṣọ, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń bá mi wá kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpò mi. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fi wá a. Mi ò lè mira dáadáa, kó má lọ dún. Bàbá bá nawọ́ sẹ́yìn òpó géètì, ó fa ike fíìmù kan yọ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé, ó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́ o, àbí èmi ni mo ni í? Mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tèmi.

Ọjọ́ náà ni mo jáwọ́ nínú dídíbọ́n. Lọ́dún 2011, ní Wetherby tí kò jìnnà sí wa, ẹnìkan rí ọkùnrin kan tó ń fi nǹkan sísàlẹ̀ níwájú ilé kọfí, ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n ti òpópónà pa, àwọn ológun tó ń tú bọ́ǹbù dé, wọ́n fọ́ nǹkan náà túútúú. Ìpamọ́ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí léèrè, mo máa ń fi àwòrán ilẹ̀ orí fóònù mi hàn án. Mo máa ń kọ ọ́ sára tèmi gàdàgbà pé ohun báyìí ni, mi ò sì ń gbé wọn sítòsí ilé ẹ̀kọ́. Mi ò tún ń tú ògiri òkúta àwọn àgbẹ̀ Yorkshire wò, èyí tí wọ́n kàn tò láìsí sìmẹ́ǹtì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣí òkúta bíi mẹ́wàá sílẹ̀ tí wọ́n bá tiwọn lọ, ìpamọ́ náà ò sì sí nínú ògiri rárá.

Ní Disẹ́ńbà tí mo lọ sílé, ó ṣe mí bíi kí n fi ọ̀kan pamọ́ sẹ́bàá Láyípo, ilé gogoro àtijọ́ tó wà ní Òkè Àrẹ̀mọ n'Íbàdàn. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ike kékeré. O fi téèpù dúdú wé e. O ki ìwé sínú ẹ̀, orúkọ èèyàn ló kún inú ìwé. O wá lọ fi í sídìí igi. Ta lo fẹ́ kó fọwọ́ kàn án? Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, tí wọ́n bá orúkọ ẹ níbẹ̀, wọ́n á ní ìwọ lò ń di àdúgbò." Mo gbé ike mi padà sínú báàgì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ó ku ibì kan tí mi ò tíì sọ. Lánàá, mo lọ wo igi wa. Òjò ti rọ̀ látàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ti múra sílẹ̀ pé ìwé rírà ni màá bá. Mo fa ike yọ. Ìwé tuntun ni mo bá nínú rẹ̀, gbígbẹ fẹ́ẹ́, ẹnìkan ti ká a sínú ọ̀rá kékeré. Ìwé tiwa tó ti tutù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ká òun náà jẹ́jẹ́, kò ya. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí tuntun náà, pẹ̀lú déètì Sátidé: òun náà ni, ọlọ́rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin. Ewé tí Àdùnní lẹ̀ mọ́ igi tó ti fẹ́ ṣí, ó ti tẹ̀ ẹ́ padà.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún ọmọ mi. Síbẹ̀ náà, mo ṣì ní ó yẹ kó kọ ọ́ síbi tó ti lè rí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí i lálẹ́ àná, mo dúpẹ́ fún ìwé àti ọ̀rá, mo sọ ti ọjọ́ mẹ́ta àti ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹta fún un. Ó fèsì láàárọ̀ yìí. Ó ní kò tọ́pẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré.