Ẹ Yéé Kọ "Waterproof" Sára Pépà Sítíkà

Inú ń bí mi, n ò sì ní pa á mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe pépà sítíkà A4 tí a ń kì bọ pírńtà ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tà á fún wa, ta ló ní kí ẹ máa kọ "waterproof" gàdàgbà sára ọ̀rá rẹ̀? Irọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, irọ́ yẹn lẹ sì fi ń gba owó lọ́wọ́ wa.

Sóbò ni mò ń ṣe tà n'Íbàdàn níbí. Sóbò kì í gbé orí tábìlì. Inú kúlà ló ń gbé, láàárín yìnyín àti omi yìnyín. Ẹni tó bá ń ta sítíkà fún oníṣóbò ti mọ ibi tí sítíkà náà ń lọ. Ọkùnrin tó ta tèmi fún mi ní Mọ́kọ́lá tiẹ̀ bi mí pé, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́?" Mo ní ìgò sóbò ni. Ó ní, "Háà, èyí gan-an lẹ máa gbé. Omi ò lè rí i gbé ṣe." Ó yọ abala kan, ó ya ọ̀rá pure water, ó da díẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ nù ún kúrò. "Ẹ ò rí i bí?" Òótọ́ ni, omi náà ò wọlé. Ṣùgbọ́n òfìfo ni abala tó da omi sí! Kò sí ẹ̀kán íǹkì kan lára rẹ̀. Ta ló ń lẹ pépà funfun lásán mọ́ ara ìgò?

Ibi tí ẹ̀tàn náà wà nìyẹn. Vinyl, irú rọ́bà kan, ni wọ́n fi ṣe pépà sítíkà yìí, omi ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Íǹkì tó wà lórí rẹ̀ ló lọ̀rọ̀. Íǹkì inú ọ̀pọ̀ pírńtà ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní dye, àwọ̀ tó yòrò sínú omi ni. Bó bá gbẹ lórí pépà, kò tíì di nǹkan mìíràn. Kí omi ṣáà ti padà kàn án, á tún yòrò. Íǹkì tí wọ́n ń pè ní pigment ló yàtọ̀. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ kíkúnná ni, kì í yòrò, bí omi rẹ̀ bá ti gbẹ tán á jókòó síbi tí a fi í sí. Ìgò tó bá sì ti inú yìnyín jáde á làágùn. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá rì í sómi.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lóde ìgbéyàwó kan. A gbé sóbò dé, ó tutù, ó dùn. Òdòdó ìṣápá pupa ni mo fi ṣe ọ̀ṣọ́ sítíkà náà. Kí wọ́n tó pín jọlọ́ọ̀fù tán, pupa ti ṣàn bo nọ́ńbà fóònù mi, búlúù ti wọ inú yẹ́lò. Màmá kan tí wọ́n wọ léèsì funfun di ìgò mú, wọ́n mu, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, ìka máràárùn-ún sì yọ lára léèsì. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ìwọ ìyá oníṣóbò yìí, ṣé aró lo rọ sínú ìgò ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti dúdú. Nínú ọ̀pọ̀ pírńtà wọ̀nyí, dúdú nìkan ni pigment, àwọ̀ mẹ́ta yòókù jẹ́ dye. Èèyàn á rò pé, ó kéré tán, orúkọ àti nọ́ńbà tí a fi dúdú kọ á dúró. Rárá o. Bí a bá ti yan fọ́tò pépà nínú ètò pírńtà kí àwọ̀ lè yọ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn á pa dúdú gidi tì, wọ́n á po àwọ̀ mẹ́ta yòókù fi ṣe dúdú. Dúdú àpòpọ̀ yẹn náà á ṣàn. Bí a bá sì yan pépà lásán kó lè lo dúdú gidi, kì í mú ara pépà tó ń dán. Ìka kàn án báyìí, ó ti fà lọ. Èwo ni ká wá ṣe? Wọn ò kọ ọ̀kankan nínú èyí sára ọ̀rá yẹn.

Àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn ní ká fi ọ̀rá laminate bò ó. A bò ó! Bí ọ̀rá àti sítíkà bá jọ parí sójú kan, ẹ̀gbẹ́ ni omi á gbà wọlé. Àfi kí ọ̀rá yọ díẹ̀ yí i po, kó lè lẹ mọ́ ìgò fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé a ó fi àlùmọ́gàjí gé ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, lóru, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀, lórí ohun tí wọ́n ti gbowó rẹ̀ pé omi ò ràn án. Àwọn mìíràn ní ká gbé e fún oní-lésà, ẹni tó ní pírńtà tó ń lo lẹ́búlẹ́bú dípò íǹkì. Ẹ má dán an wò. Ooru ni lésà fi ń yọ́ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mọ́ pépà. Vinyl tí wọ́n ṣe fún íǹkì á yọ́ mọ́ róólà inú rẹ̀, ẹ ó sì wá owó pírńtà olówó san.

Ó wá ku ká ra íǹkì pigment rọ sínú kátírííjì, ìyẹn ike tí íǹkì ń gbé nínú pírńtà. Ibẹ̀ ni ṣíìpù, ẹ̀rọ tíńtín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kátírííjì, ti ń dè wá. Ṣíìpù á ní íǹkì ti tán, tàbí pé kátírííjì yẹn kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ òun, pírńtà á sì kọ̀ jálẹ̀. Lọ́dún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́ pé bí ilé-iṣẹ́ bá ti ta kátírííjì, ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì rẹ̀ lórí kátírííjì náà ti tán, kò lè fi í dí ẹni tó bá tún íǹkì rọ sínú rẹ̀ lọ́wọ́. Adájọ́ sọ tirẹ̀, ṣíìpù ò gbọ́. Owó mi ni mo fi ra pírńtà, orí tábìlì mi ló wà, iná mi ló ń jẹ, síbẹ̀ ẹlòmíràn ló ń pàṣẹ irú íǹkì tí mo lè rọ fún un.

Ẹ má sì pe èyí ní ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. NAFDAC fẹ́ kí orúkọ ọjà, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ hàn kedere lára oúnjẹ tí a dì tà. Sóbò tí a ò fi kẹ́míkà sí kì í pẹ́ kan. Bí ọjọ́ ìbàjẹ́ bá ti bómi lọ, kí ni ẹni tó bá ìgò náà nínú fíríìjì fẹ́ wò? Bí inú bá ń run ọmọ ọlọ́mọ, ta ni wọ́n máa wá mú? Wọn ò ní wá ẹni tó kọ waterproof lọ. Èmi ni.

N ò ní kí wọ́n fún mi ní pépà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ọmọ iléèwé, mọ́ ike gaàrí, mọ́ páálí, á pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo ní kí wọ́n kọ sára ọ̀rá kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Fún íǹkì pigment nìkan." Bí àyè bá gba waterproof gàdàgbà, àyè gba ìyẹn náà lábẹ́ rẹ̀.