Ẹ̀rọ tí kì í jẹ epo kọ́ ló máa dá ohun àlùmọ́nì sí

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu gbogbo ayé: bí ẹ̀rọ bá ti dín ìjẹkújẹ kù, ohun tí à ń wà jáde nínú ilẹ̀ náà á dín kù. Ó dùn létí. Èmi náà gbà á gbọ́ tipẹ́tipẹ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1712, Thomas Newcomen ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú ihò èédú. Ooru omi gbígbóná á kún inú àgbá irin, wọ́n á fín omi tútù sí i, ooru náà á di omi, irin inú àgbá á sì já wálẹ̀. Àmọ́ àgbá fúnra rẹ̀ á ti tutù. Kó tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àfi kí wọ́n tún un mú gbóná, ẹ̀rọ náà a sì máa jẹ èédú bí ẹní jẹ̀kọ. James Watt ló rí i ní 1765 pé inú àgbá mìíràn ló yẹ kí ooru náà ti tutù, kí ti àkọ́kọ́ lè máa gbóná lọ. Bí èédú tí ẹ̀rọ ń jẹ ṣe wálẹ̀ nìyẹn.

Ṣé wọ́n wá wa èédú mọ níwọ̀n? Rárá o. Ẹ̀rọ tí kì í náni lówó púpọ̀ mọ́ dé ilé ìhunṣọ, ó dé orí ọkọ̀ ojúurin, ó dé ojú òkun. Ní 1865, William Stanley Jevons, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé àìfèédúṣòfò gan-an ló ń mú kí èédú tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i. Nígbà tó fi di 1913, èédú tí wọ́n wà lọ́dún kan ti ju mílíọ̀nù 280 tọ́ọ̀nù lọ.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló rí báyìí ṣá. Kò sẹ́ni tó máa ra fíríìjì márùn-ún torí pé iná tó ń fà kéré. Ṣùgbọ́n tí a bá ro gbogbo ayé pọ̀, ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ni pé ohun tí à ń kó jáde nínú ilẹ̀ lọ́dún ti ju ìlọ́po mẹ́ta ti 1970 lọ. Èèyàn ò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ òde òní sì dáa ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì.

Òté tí a bá fi lé iye tí a lè lò ló ń ṣiṣẹ́. Ní ìlú Montreal ní Kánádà lọ́dún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó máa ṣọ́ CFC lò, ìyẹn gáàsì inú fíríìjì tó ń ba ìbòrí tó ń gba oòrùn líle fún ayé jẹ́. Wọ́n ní iye tí wọ́n lè ṣe á máa dín kù; nígbà tó yá, wọ́n ní kó tán pátápátá. Àwọn tó ń ṣe fíríìjì bá wá gáàsì mìíràn.