Dráífà díìsìkì lórí Linux: inú kernel ló wà, kì í ṣe ojú òpó ilé-iṣẹ́

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí Windows kó tó bọ́ sídìí Linux sábà máa ń gbé àṣà kan dání wá. Bí díìsìkì bá ń falẹ̀, tàbí tí wọ́n gbé sáfà lé e lọ́wọ́, ojú òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì tó ń darí díìsìkì ló máa kọ́kọ́ sáré lọ, kó lè dáńlóòdù dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá díìsìkì ṣiṣẹ́) tó tuntun jù. Ó dá a lójú pé èyí tó bá Linux wá ti gbó. Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń ba sáfà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Lórí Linux, inú kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, ni dráífà díìsìkì wà. ahci tó wà fún SATA, nvme, megaraid_sas tó wà fún ọ̀pọ̀ káàdì RAID (tó ń so díìsìkì pọ̀ kí dátà má bàa sọnù tí ọ̀kan bá kú), mpt3sas, gbogbo wọn pátá ló wà nínú kóòdù kernel fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì wọ̀nyí gan-an wà lára àwọn tó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣe apt upgrade tàbí dnf upgrade, tí kernel tuntun wọlé, tí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn, ẹ ti ṣe àpdéètì dráífà nìyẹn.

Nọ́ńbà ló sábà máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ẹ tẹ modinfo ahci, ẹ máa rí i pé ẹ̀dà 3.0 ló kọ síbẹ̀. 3.0 yìí kan náà ló wà lórí Red Hat Enterprise Linux (RHEL) 6 tó jáde ní 2010. Kóòdù ahci ò yéé yí padà láti ìgbà náà, nọ́ńbà yẹn ni wọn ò fọwọ́ kàn. Red Hat tún máa ń mú àtúnṣe látinú kernel tuntun wá sínú èyí tó ti pẹ́: 4.18 ni kernel RHEL 8 ń jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó ti wọnú ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ò kéré. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà nìkan wo dráífà kò tíì rí nǹkan kan.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé dráífà látìta wọlé? Kernel kan pàtó ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ fún, abẹ́ /lib/modules ti kernel yẹn ló sì ń lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ́yìn yọ. Tí ẹ̀rọ bá ń tàn, inú initramfs, ìyẹn àpò fáìlì kékeré tí wọ́n ń gbé wọlé pẹ̀lú kernel, ni kernel ti ń kọ́kọ́ mú dráífà, torí kò tíì lè ka díìsìkì fúnra rẹ̀. Tí ẹ ò bá tún initramfs ṣe, dráífà àtijọ́ ni yóò máa lò lọ, ẹ̀yin á sì rò pé tuntun lẹ̀ ń lò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

modinfo -F version megaraid_sas
cat /sys/module/megaraid_sas/version

Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì, ìkejì ń sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ ṣe update-initramfs -u lórí Debian àti Ubuntu, dracut -f lórí Red Hat àti Fedora, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn. Tí Secure Boot (ètò tó ń yẹ ìfọwọ́sí wò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn) bá wà ní títàn, kernel ò ní gba dráífà tí wọn ò fọwọ́ sí. Tó bá sì jẹ́ pé dráífà látìta yìí nìkan ló mọ káàdì yín, ọjọ́ tí kernel tuntun bá wọlé láìsí i níbẹ̀, ẹ̀rọ ò ní rí díìsìkì tó fẹ́ tàn láti orí rẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, (initramfs) lẹ máa bá lójú ẹ̀rọ.

FreeBSD, ètò mìíràn tó jọ Linux, náà ní tiẹ̀. Àwọn káàdì MegaRAID kan wà tí dráífà mfi àti mrsas jọ mọ̀. Ẹni tó bá kúrò lórí mfi bọ́ sórí mrsas máa rí i pé /dev/mfid0 ti di /dev/da0, fstab (fáìlì tó ń sọ díìsìkì tí ẹ̀rọ máa lò) tó bá ṣì ń pe mfid0 ò sì ní rí nǹkan kan mú.

Ó níbi tí dráífà látìta ti wúlò lóòótọ́. Káàdì lè jẹ́ tuntun débi pé ẹ̀rọ tó ń fi Red Hat sórí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí inst.dd, àṣẹ tó ń gbé dráífà látìta wọlé nígbà tí ẹ bá ń fi Red Hat sórí ẹ̀rọ, wà fún nìyẹn. Nígbà tí RHEL 8 jáde ní 2019, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́ kúrò nínú àwọn dráífà rẹ̀, ELRepo, ojú òpó àwọn aṣàmúlò tí kì í ṣe ti Red Hat, ló ń pèsè dráífà fún àwọn tó ṣì ń lò wọ́n.

Firmware, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú díìsìkì fúnra rẹ̀, ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ jù. Ní oṣù kọkànlá 2019, HPE kéde pé àwọn SSD SAS kan máa kú tí wọ́n bá ti lo 32,768 wákàtí, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, dátà inú wọn ò sì ní ṣeé gbà padà. Àwọn tí wọ́n jọ gbé sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà lè jọ kú pọ̀, RAID ò sì ní lè gba èèyàn sílẹ̀. Kò sí dráífà tó lè tún ìyẹn ṣe, firmware HPD8 ló tún un ṣe. Àṣẹ smartctl -a máa ń fi wákàtí tí díìsìkì ti lò àti ẹ̀dà firmware rẹ̀ hàn. Tó bá wà lẹ́yìn káàdì RAID, ẹ fi -d megaraid,0 tàbí -d cciss,0 kún un, kí ẹ sì fi ohun tó bá gbé jáde wé ìkìlọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó tà á fún yín bá ti fi síta.