Omi Tó Mọ́ Gaara, Edé Tó Kú Sínú Ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde pé tí omi bá ti tòrò, ẹ̀mí ti lè gbé inú ẹ̀ nìyẹn? Ta ló kọ́ wọn? "Ẹ da omi sí díńgí (àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí), ẹ jẹ́ kó tòrò di ìrọ̀lẹ́, ẹ kó edé yín sí i. Kò sí wàhálà." Kò sí wàhálà kẹ̀! Wọ́n á gba owó díńgí, wọ́n á gba owó páńpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, wọ́n á gba owó òkúta aláràbarà tí ò wúlò fún nǹkan kan, wọ́n á tún ta edé fún yín lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á wá fi ẹ̀rín ṣe èènì.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: edé tí mò ń sọ yìí kì í ṣe tinú ọbẹ̀. Edé pupa kékeré tí wọ́n ń sìn nílé fún ìwòran ni, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Àwọn ará Taiwan ló ń ṣa àwọn tó pupa jù sìn títí àwọ̀ náà fi dúró. Inú omi tí ò níyọ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ń bímọ sí. Iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan, èèyàn lè fi ra edé gbígbẹ l'Ókè-Àjẹ tó máa se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ilé. Mo mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, ìyá mi ti sọ ọ́ tó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Edé ń jẹun, edé ń yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà sísàlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń di májèlé kan tí wọ́n ń pè ní amóníà. Amóníà yìí ò láwọ̀, kò sì ba ojú omi jẹ́, ẹ ó máa wo omi tó mọ́ lóló, edé á máa kú nínú ẹ̀. Àwọn bakitéríà tí ojú lásán ò lè rí ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tóun náà jẹ́ májèlé; àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di náítíréètì, tí edé lè fara dà, tí ewéko omi sì ń fà mu. Inú fóòmù asẹ́ tí páńpù ń mú omi gbà kọjá ni àwọn bakitéríà yìí ń gbé, àti orí òkúta, àti àárín yanrìn. Kí wọ́n tó pọ̀ débi tí wọ́n á lè ṣiṣẹ́ yẹn, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ọ̀sẹ̀ o! Kì í ṣe ìrọ̀lẹ́.

Kí ló máa ná ẹni tó ń tajà láti sọ pé, "Ẹ gbé díńgí lọ, ẹ tan páńpù, ẹ gbin ewéko sí i, ẹ máa ju oúnjẹ bíńtín sí i, kí ẹ padà wá ra edé lóṣù tó ń bọ̀"? Ṣé owó náà máa sá ni? Ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ ọ́ láéláé. Edé tó bá kú lónìí, ọjà ọ̀la ni fún wọn.

Tí ẹ bá wá padà lọ fẹjọ́ sùn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi. "Àbí ẹ ti fún wọn lóúnjẹ jù, bọ̀ọ̀dá?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ike oògùn aláwọ̀ búlúù kan jáde. "Ìdérí kan péré, ẹ dà á sí i." Mo gba ike, mo ka ẹ̀yìn ẹ̀: copper sulphate. Bàbà! Oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹja tí nǹkan funfun bá sú sí lára ni. Ẹja lè mu ún kó yè. Edé, alákàn, ìṣáwùrú, ikú wọn gan-an nìyẹn. (Ó sì yani lẹ́nu o, torí bàbà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ edé níbi tí irin wà nínú tiwa; díẹ̀ ló nílò, èyí tó bá lé lórí ẹ̀ á pa á.) Mo ní fún ọmọ tó ń tajà níbẹ̀, "Àbúrò, bàbà ló wà nínú ẹ̀." Ó ní, "Ẹja ni wọ́n yà sára ẹ̀ kẹ̀. Ṣé edé kì í ṣe ẹja ni?"

Edé kì í ṣe ẹja! Alákàn ni ìbátan ẹ̀! Ẹni tó ń tà á ni mò ń kọ́ o.

Ẹni kan náà ló tún fẹ́ fi edé odò ńlá kan lé e fún mi, èyí tó ní ọwọ́ gígùn méjì, tí wọ́n ń kó wá láti apá Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí n kó o mọ́ àwọn kékeré yẹn, pé á máa bímọ, màá sì máa kórè. Irọ́ lórí irọ́. Ọmọ edé yẹn ò lè dàgbà láìsí omi tó níyọ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá ẹ̀ fi ń bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó ti ń pàdé ọ̀sà. Nínú díńgí pálọ̀ mi, ohun kan ṣoṣo tó máa kórè ni àwọn edé pupa mi, lóru, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọn ò sì bi mí rí pé irú omi wo ló wà nílé mi. Ẹlòmíì ń lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi klórínì sí, klórínì yẹn á pa edé, á pa bakitéríà náà mọ́ ọn. Tèmi, omi kànga ni. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, pH ẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, ò dé 6, kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú èèpo edé le, ò sì tó nǹkan. Omi kíkan ni. Edé ò sì lè dàgbà láìbọ́ èèpo. Èèpo náà máa là lẹ́yìn ọrùn, edé máa ta kúrò nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á fi èèpo sílẹ̀ lórí yanrìn, tẹsẹ̀ tìwo, títí dé ibi tí ojú wà, tó ń hàn kedere bíi láílọ́ọ̀nù. Ara tuntun yẹn rọ̀, kálísíọ́ọ̀mù inú omi ló fi ń le. Tí kò bá sí i níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà funfun kan tó yí ọrùn ẹ̀ ká, kò ní lè jáde tán, á há sínú èèpo ara ẹ̀, á kú síbẹ̀. Ìkarahun ìgbín tí ìyá mi ń dà nù ni mo padà fọ̀, tí mo sè, tí mo fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́, kí omi kíkan yẹn máa yọ́ kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni! Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ti iná ńkọ́? Mi ò fẹ́ sọ ọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kí àwọn oníná mọ èyí: omi tó wà ní ìwọ̀n 20 Celsius lè gba bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn tí edé ń mí sí lítà kan, tó bá gbóná dé 30, kò ju bíi 7.5 lọ. Ìgbà tí ooru bá mú jù, tí edé nílò páńpù jù, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń mú iná lọ. Tí páńpù bá ti kú pẹ́, bakitéríà inú fóòmù náà á máa kú, amóníà á sì tún gbérí. Epo bẹntiróòlù rèé, ẹ̀yin náà mọ iye ẹ̀. Tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ torí edé, àwọn ará àdúgbò á ní orí mi ti dàrú.

Èyí tó wá pa mí lẹ́kún ni ti àǹtí mi tó wá kí wa láti Ìpẹru. Ìyá kan wà láàárín àwọn edé yẹn tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, ẹyin yẹ́lò wínníwínní, tó ń fi àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké abẹ́ ikùn ẹ̀ fẹ́ omi sí wọn tọ̀sán-tòru. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni wọ́n ń gbé e kó tó pa. Àǹtí ní ẹ̀fọn pọ̀ ní pálọ̀, wọ́n gbé oògùn ẹ̀fọn, wọ́n fín in káàkiri, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Páńpù yẹn fa gbogbo ẹ̀ wọnú omi. Mo débẹ̀, edé ń ta gìrì, wọ́n ń wẹ̀ lódìlódì, wọ́n ń dojú bolẹ̀. Ìyá ẹlẹ́yin náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀fọn àti edé, ìbátan tó jìnnà síra ni wọ́n, oògùn tó ń pa ẹ̀fọn lè pa edé náà, edé ò sì ní ìyẹ́ tó máa fi sá. Àǹtí ní, "Ẹ̀fọn ni mo fín, èmi ò fín edé." Nígbà tó yá, wọ́n tún ní, "Ṣé kí n bá ẹ kó wọn sí omi ata?" Àgbà ni wọ́n, mi ò lè pariwo lé wọn lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo níbí.

Àti pé, kí ló dé tó fi jẹ́ edé Taiwan nìkan ló wà nígbá wọn? Edé wà nínú àwọn odò kéékèèké inú igbó tiwa, Desmocaris trispinosa ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ara ẹ̀ mọ́ gaara tó fi jẹ́ pé ẹ lè rí inú ikùn ẹ̀, kì í rìn nílẹ̀ bíi tàwọn yòókù, àárín omi ló máa ń léfòó sí. Àwọn tó ń sin edé ní Jámánì mọ̀ ọ́n, orúkọ Nàìjíríà ni wọ́n fi ń pè é níbẹ̀, owó gidi ni wọ́n fi ń rà á. Èmi tí mo wà n'Íjẹ̀bú, mi ò rí i rà. Mo bi àbúrò oníbàbà yẹn bóyá ó lè bá mi wá a. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa ra edé odò lọ́wọ́ mi?"

Èmi! Èmi tí mo dúró síwájú ẹ tí mo sì kówó dání! Ṣé ojú náà tún ti fọ́ ni?