Pẹnáritì Tí Wọ́n Fi Ń Pinnu Eré Kì Í Ṣe Ara Eré Náà

Láti ìgbà tí DR Congo ti lé Nàìjíríà kúrò lójú ọ̀nà Ife Àgbáyé 2026 ni àríyànjiyàn ò ti kúrò nílẹ̀ láàárín àwa olólùfẹ́ Super Eagles. Rabat ni, ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Frank Onyeka ló kọ́kọ́ gbá ayò wọlé fún wa, Meschack Elia dá a padà, wọ́n sì wà ní 1-1 títí àfikún àsìkò fi tán. Ẹ̀sùn oògùn tí kóòṣì wa Éric Chelle fi kàn wọ́n, mi ò dá sí i. Ẹni tó bá mọ babaláwo wọn ni kó lọ bi í. Ti aṣọ́lé ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí àfikún àsìkò ń lọ sópin, DR Congo yọ Lionel Mpasi kúrò lójú ilé, wọ́n fi Timothy Fayulu rọ́pò rẹ̀. Ó di pẹnáritì ìpinnu, kò pẹ́ rárá tí Fayulu mú bọ́ọ̀lù Semi Ajayi, Chancel Mbemba sì gbá tirẹ̀ wọlé, 4-3, ọ̀rọ̀ tán. Ariwo sọ: "Òjóró ni! Ta ló gbà kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ́lé torí pẹnáritì? Playoff nìyí o, kì í ṣe eré ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́!"

Kò sí òjóró kankan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ààyè ìpààrọ̀ bá ṣì ṣẹ́ kù fún lè pààrọ̀ ẹnikẹ́ni, aṣọ́lé pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí rẹfirí kò bá tíì fọn fèrè ìparí. Louis van Gaal ṣe irú rẹ̀ fún Netherlands ní Brazil lọ́dún 2014: ó yọ Jasper Cillessen, ó gbé Tim Krul wọlé nígbà tí àfikún àsìkò ti fẹ́ẹ̀ tán, Krul sì mú méjì lọ́wọ́ Costa Rica. Lẹ́yìn fèrè ìparí ni ilẹ̀kùn tì. Láti ìgbà náà lọ, aṣọ́lé tí kò bá lè ṣe é mọ́ nìkan ni wọ́n lè fi ẹlòmíràn tó wà lórí àga rọ́pò, ìyẹn bí ìpààrọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá tíì tán. Ẹni tó jáde náà ò sì gbọdọ̀ padà.

Níbi fèrè ìparí yẹn gan-an ni gbogbo àṣìṣe yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé eré ṣì ń lọ nígbà tí wọ́n ń gba pẹnáritì ìpinnu, pé òfin tó de agbábọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú kẹwàá náà ló ṣì dè é níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Eré ti parí, ọ̀mì ni wọ́n sì gbá. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, 1-1 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Rabat. Pẹnáritì tó gbá wọlé lọ́jọ́ náà kò wọ iye ayò tí Mbemba ti gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi pẹnáritì ṣe ni kí wọ́n mọ ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú. Òfin kẹwàá nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù ló là á sílẹ̀, ọ̀kan náà sì ni fún playoff, fún ife ìpínlẹ̀, fún àṣekágbá Ife Àgbáyé. Ohun tí ìdíje kọ̀ọ̀kan lè yàn fúnra rẹ̀ ni bóyá àfikún àsìkò á kọ́kọ́ wáyé tàbí wọn á lọ tààrà síbi pẹnáritì.

Ẹ wo ti Emiliano Martínez, aṣọ́lé Aston Villa. Lille ni, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìdíje Europa Conference League. Ó ti gba káàdì yẹ́lò nínú eré torí pé ó ń fi àsìkò ṣòfò. Nígbà tó di pẹnáritì, ó mú ti Nabil Bentaleb, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lé ètè sí àwọn èrò Lille pé kí wọ́n panu mọ́. Rẹfirí yọ yẹ́lò mìíràn sí i. Gbogbo pápá dìde. Àwọn ará Lille ń fọwọ́ júwe ọ̀nà ìta fún un, wọ́n ń retí pupa. Pupa ò jáde. Martínez padà sójú ilé, ó mú ti Benjamin André, Aston Villa yege ní 4-3.

Títí dòní ni àwọn kan ń sọ pé rẹfirí gbàgbé. Kò gbàgbé nǹkan kan. Yẹ́lò tí èèyàn gbà nínú eré kì í tẹ̀ lé e dé ibi pẹnáritì ìpinnu. Bí ilẹ̀ tuntun ni. Bó bá jẹ́ pé méjèèjì ló gbà níbi pẹnáritì, ìyẹn ni ìbá fi jáde. Àmọ́ àwọn káàdì náà ò lọ lásán o: Martínez kò gbá eré àkọ́kọ́ nínú méjì tí Villa bá Olympiakos gbá tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni àwọn tó ń pariwo ìrẹ́jẹ kì í rántí fi kún un.

Èyí tó tún máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. "Ó ti kan òpó, ó ti kú." Irọ́ ni. Ẹni tó gbá a nìkan ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, kódà bí aṣọ́lé bá ta á sí i lẹ́sẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nínú eré ìbá gbá a wọlé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò tíì kú títí yóò fi dúró, tàbí kó jáde, tàbí kí ẹnì kan rú òfin. Ní Guadalajara lọ́dún 1986, Bruno Bellone ti ilẹ̀ Faransé gbá tirẹ̀ lu òpó, bọ́ọ̀lù ta padà, ó bá aṣọ́lé Brazil, Carlos, lẹ́yìn, ó sì yí wọlé. Àwọn ará Brazil fapá jánú, ṣùgbọ́n ayò ni, Faransé ló sì yege. Ti Khalid Askri, aṣọ́lé FAR Rabat, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, ní Morocco lọ́dún 2010: ó ta bọ́ọ̀lù sókè, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lu àyà fún àwọn èrò ìwòran. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra ń yí, ó yí wọlé.

Ẹnikẹ́ni má fi ti Victor Ikpeba, agbábọ́ọ̀lù wa tí pẹnáritì rẹ̀ kan irin òkè nínú àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, bá mi jiyàn níbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá Sùúrùlérè, Èkó, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, kì í ṣe pé òfin sọ pé bọ́ọ̀lù tó kan irin òkè kì í ṣe ayò. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìlà tán pátá, ayò ni, bó tilẹ̀ ta jáde. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n fi hàn pé ti Ikpeba kọjá. Ojú àwọn adájọ́ ni kò rí i, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá wọn rí i nígbà náà. Cameroon gbé ife lọ. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ti Julián Álvarez tún yàtọ̀. Oṣù kẹta ọdún 2025, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nígbà tó ń gbá tirẹ̀ fún Atlético sí Real Madrid, bọ́ọ̀lù sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kó tó wọlé. Wọ́n wọ́gi lé e. Òfin ìgbà náà tì wọ́n lẹ́yìn, bó tilẹ̀ korò. Nínú oṣù kẹfà ọdún kan náà ni IFAB, àjọ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù, wá ṣàlàyé pé bó bá jẹ́ èèṣì tí bọ́ọ̀lù sì wọlé, kí wọ́n tún un gbá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ti Álvarez ṣe ẹ̀rí báyìí ń fi òfin àná jà.

Ìwé orúkọ àwọn márùn-ún tí yóò gbá pẹnáritì, èyí tí wọ́n ní kóòṣì gbọ́dọ̀ fún rẹfirí ńkọ́? Kò sí i. Ẹgbẹ́ ló máa to àwọn èèyàn rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì lè yí i padà bó bá ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá sì ti lé ẹnì kan jáde nínú eré, tí ẹgbẹ́ kan ku mẹ́wàá, ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ yọ ẹnì kan sẹ́yìn kí iye lè dọ́gba. Àwọn fúnra wọn ló máa yan ẹni náà, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n jù ni wọ́n sábà máa ń gbé sílẹ̀.